Ìlà Pupa Tí Bàbá Àgbà Fà

Nígbà tí wọ́n ń to ìwé ètò ìsìnkú Bàbá Àgbà, Aunty Dúpẹ́ ní kí gbogbo ọmọ-ọmọ kọ ìdajì ojú ewé wá. Ìlà mẹ́ta ni mo kọ. Mo ní Bàbá jẹ́ èèyàn dáadáa, mo ní wọ́n fẹ́ràn ìwé, mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Aunty kà á tán, wọ́n wò mí lókè, wọ́n wò mí nílẹ̀.

"Káyọ̀dé, ṣé bàbá tó tọ́ ẹ dàgbà lo kọ èyí fún ni, àbí landlord ẹ?"

Ẹ má bínú, Aunty. Ìyókù rèé. Ìwé márùn-ún ààbọ̀ ni mo kà, torí náà kí ẹni tó bá rí àṣìṣe má pariwo. Ẹni tó yẹ kó bá mi tún un ṣe ló kú yẹn.

Bàbá tó bí bàbá mi ni Bàbá Àgbà. Hẹdimásítà ni wọ́n ní Ìkirè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ọwọ́ wọn ni mo sì dàgbà sí. Nílé ìwé wọn, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ géérégé ni wọ́n máa ń pa rẹ́jísítà dé. Wọ́n á yọ bíró pupa lápò àyà, wọ́n á kọ òdo síwájú orúkọ ẹnikẹ́ni tí ò tíì dé. Tó o bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́, o ò wá sílé ìwé lọ́jọ́ náà nìyẹn, kódà kó o dúró síwájú wọn kí òógùn máa já bọ́ lójú ẹ. Ọmọ kan sọ fún wọn nígbà kan pé, "Ẹ wò mí, sà, mo wà níbí." Bàbá wò ó dáadáa. Wọ́n ní, "Èmi rí ẹ. Rẹ́jísítà ò rí ẹ."

Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, nígbà tí Aunty Dúpẹ́ tó jẹ́ ọmọ wọn mú wọn wá sílé wọn ní Loganville, ní Georgia níbí, aago mẹ́sàn-án yẹn ò kúrò lára wọn. Nọ́ọ̀sì ni Aunty, wọ́n máa ń tètè lọ sí hospital. Èmi ní tèmi, second shift ni mò ń ṣe ní warehouse kan ní Suwanee, forklift, mọ́tò tó ń gbé ẹrù, ni mò ń wà, mi ò kì í wọṣẹ́ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ni mo máa ń wà lọ́dọ̀ Bàbá láàárọ̀, odidi ọdún méjì. Mẹ́sàn-án bá ti kù díẹ̀, Bàbá á gbé tíì sílẹ̀. Wọ́n á yọ bíró pupa lápò, wọ́n á ṣí ìdérí ẹ̀: tà. Wọ́n á dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kẹ́nì kan sáré wọlé. Wọ́n á dé e padà: tà. Wọ́n á máa mu tíì wọn lọ.

Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kú, èmi nìkan ni mo máa ń wà nílé tèmi láago mẹ́sàn-án, mo sì máa ń gbọ́ tí ìdérí yẹn bá ṣí. Tà. Màá dúró, màá máa retí kó padé. Kì í padé. Ìyàwó mi ní fridge ni. Fridge wa ti pé ọdún mẹ́jọ, kò dún bíi bíró rí.

Fèrèsé pálọ̀ Aunty kọjú sí ibi tí school bus ti ń gbé àwọn ọmọ subdivision wọn. Kí n tó débẹ̀ láàárọ̀, Bàbá á ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n á ti so táì, wọ́n á ti jókòó sí fèrèsé. Tí bus náà bá yọ, wọ́n á dìde dúró, ti ọ̀pá ti orúnkún tó ń ro wọ́n. Wọ́n á ka àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú ẹ̀, wọn ò ní jókòó títí bus á fi lọ. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí wọ́n ń dìde fún mọ́tò.

"Mi ò dìde fún mọ́tò," wọ́n ní. "Ìjọba tó bá rán mọ́tò wá gbé ọmọ tálákà lẹ́nu ọ̀nà bàbá ẹ̀, òun ni mò ń kí."

Lọ́jọ́ Fúráìdè kan, bus ò wá. Inú kíṣìnì ni mo wà, mò ń dín ẹyin. Nígbà tí mo máa fi jáde, kò sí Bàbá lórí àga, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Mo sáré síta. Bàbá ni mo rí tó ń bọ̀ lójú títì, táì lọ́rùn, sílípáàsì lẹ́sẹ̀, ọmọ méje tò tẹ̀lé wọn lẹ́yìn bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn méjì ṣì wọ aṣọ oorun. Ọ̀kan gbé abọ́ cereal lọ́wọ́, ó ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń rìn. Bàbá ti kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí àwọn ọmọ jáde, ilé ìwé ti wọlé. Àwọn ọmọ rò pé eré ni, wọ́n ń ṣe left-right, left-right.

Ìyá ọ̀kan nínú wọn sáré jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń bẹ̀rù díẹ̀. Ó ní kò sí school lónìí, àwọn tíṣà nìkan ló ń wá. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún Bàbá bí ẹni pé wọn ò gbọ́ òyìnbó, torí ojú ń tì mí.

"Mo gbọ́ ohun tó sọ," Bàbá ní. "Tíṣà wà nílé ìwé, ọmọ ò sí níbẹ̀. Ta wá ni wọ́n ń kọ́? Ògiri?"

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ yẹn ti máa ń juwọ́ sí fèrèsé kí wọ́n tó wọ bus. Aunty sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé wọ́n ṣì ń juwọ́ síbẹ̀. Mo ní, "Ta ni wọ́n ń juwọ́ sí, Aunty?"

Ní church, Engineer ni wọ́n ń pè mí. Mi ò sọ pé kí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ pé kí wọ́n má pè mí. Bàbá mọ̀ dáadáa pé engineer ìwé márùn-ún ààbọ̀ ni mí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti pè é létí wọn, ńṣe ni wọ́n á máa wo bàtà wọn. Wọn ò tú àṣírí mi rí. Ó wá ku ọ̀dọ̀ supervisor mi. Ọkùnrin náà fẹ́ràn mi, ó fẹ́ kí n di team lead, kí n kúrò lórí forklift. Ó ní nǹkan kan péré ló kù, kí n mú ìwé high school wá, tàbí GED, ìyẹn ìdánwò táwọn tí ò parí high school máa ń ṣe. Mo ní, "Sà, orúnkún ń dùn mí, mi ò lè máa rìn káàkiri." Ó bá mi kẹ́dùn gan-an. Ó tiẹ̀ fún mi ní ìpara.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà fún Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù tíì wọn sílẹ̀.

"Orúnkún wo?" wọ́n ní.

Ọmọbìnrin mi, Tómi, ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Georgia ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Yorùbá ẹ̀ dà bíi mọ́tò tí táyà ẹ̀ kan ti jò, ó ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń fì. Tíṣà ẹ̀ fún wọn ní iṣẹ́ ṣe: báwo ni ilé ìwé ìjọba ṣe tàn káàkiri Amẹ́ríkà láyé ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ńláńlá ń yọ? Ó wá bi mí. Mo ní kó lọ bá Bàbá Àgbà, torí mo ní àwo láti fọ̀.

Àwo ni mò ń fọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí mi wà lọ́dọ̀ wọn. Tómi ń kà á látinú kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ó ní tẹ́lẹ̀, ọmọ olówó àti ọmọ tí church bá ràn lọ́wọ́ ló sábà máa ń kàwé dáadáa. Nígbà tí ilé iṣẹ́ dé, àwọn àgbẹ̀ kó wá sí ìlú, tọmọtọmọ ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́, ọmọ kékeré á wà nídìí ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn kan wá dìde, wọ́n ní kí ìjọba fi owó orí kọ́ ilé ìwé tí gbogbo ọmọ á máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n jà, wọ́n jà, wọ́n wá fi òfin dè é pé dandan ni kí ọmọ wà ní kíláàsì. Ìpínlẹ̀ Georgia wa yìí wà lára àwọn tó pẹ́ jù, torí àwọn olóko àti àwọn oníléeṣẹ́ òwú ò fẹ́ kí ọwọ́ kéékèèké bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Láwọn ìlú kan, oníléeṣẹ́ òwú fúnra ẹ̀ ló kọ́ ilé ìwé, ó kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀.

"Ta ló ń lu agogo?" Bàbá bi í.

"Agogo wo, Bàbá?"

"Agogo ilé ìwé yẹn."

Tómi wá a, ó wá a. "Agogo kan náà ni, Bàbá. Ti ilé iṣẹ́ ni. Tó bá lù, àwọn daddy àti mummy á lọ sídìí machine, àwọn ọmọ á lọ sí class."

Tíì Bàbá tutù lọ́wọ́ wọn. Mo ti fọ àwo kan ṣoṣo nígbà mẹ́ta.

"Ẹni tó bá ń lu agogo fún ẹ," wọ́n ní, "bí ò bá pè ẹ́ wọlé, á pè ẹ́ jáde."

Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni wọ́n ní, "Àlàó, wá ibi tí agogo yẹn wà, kó o mú mi lọ."

Àlàó ni oríkì mi. Bàbá ò kì í pè mí ní nǹkan míì. Ó sì nídìí.

Ilé iṣẹ́ aṣọ ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, nígbà tí èmi wà lọ́dọ̀ Bàbá Àgbà ní Ìkirè. Ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá mi. Wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ géètì, owó oṣù ẹ̀ di ìdajì. Ìwé mẹ́fà ni mo wà lọ́dún náà, a ti dé ìdajì ọdún, nígbà tó wọ Ìkirè láàárọ̀ Mọ́ńdè kan. Kò tiẹ̀ yà sílé, ilé ìwé ló gbà lọ tààrà. Abẹ́ igi máńgòrò ni òun àti Bàbá dúró sí, gbogbo wa ń wò wọ́n látojú fèrèsé.

"Bàbá, wọ́n ní kí n mú ọmọ kan wá tí á máa gbá òwú lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọwọ́ ẹ̀ kéré, ó máa wọbẹ̀."

"Ìdánwò ku oṣù mẹ́ta."

"Ebi ò ní kàlẹ́ńdà, Bàbá."

"Tí ọmọ yìí bá kúrò níbí lónìí, màá gé orúkọ ẹ̀."

"Ẹ gé e."

Orí kunkun pàdé orí kunkun. Bàbá mi rò pé ẹnu lásán ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣebí àwọn hẹdimásítà máa ń fi orúkọ ọmọ tó bá rìnrìn àjò sílẹ̀ ni, kó lè padà wá ṣèdánwò. Tí àwọn ọmọ bá lọ kórè kòkó, Bàbá gan-an máa ń kọ "oko" síwájú orúkọ wọn, ó parí. Ṣùgbọ́n wọ́n pè mí wọlé, wọ́n ṣí rẹ́jísítà, wọ́n gbé rúlà lé orúkọ mi. Rúlà náà ń yọ̀. Wọ́n tún un gbé lé e. Mo rò pé inú ló ń bí wọn.

"Oyèlárán Káyọ̀dé," wọ́n ní, "bá mi di rúlà yìí mú dáadáa, kí ìlà má baà wọ́."

Mo dì í mú. Wọ́n fi bíró pupa fà á. Ìlà náà gún régé. Títí dòní, mi ò tíì di nǹkan kan mú dáadáa tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo gbá òwú ní Ìkẹjà. Òwú wọ imú mi, ó wọ irun mi, orí mi funfun báláú, ni wọ́n bá ń pe ọmọ ọdún méjìlá ní Bàbá Arúgbó. Nígbà tó yá mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni mo sì fi wọ lótìrì Amẹ́ríkà, Aunty ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù. Bàbá ò pe Oyèlárán Káyọ̀dé mọ́ láti ọjọ́ ìlà yẹn. Wọ́n ti gé ìyẹn. Àlàó ló kù. Ó tó ogójì ọdún, a ò sì sọ ọ̀rọ̀ náà rí, kì í ṣe ní Ìkirè, kì í ṣe ní Loganville.

Ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò ni mo mú wọn lọ. Ilé iṣẹ́ òwú ibẹ̀ ti di apartment, wọ́n ti fi gíláàsì sí i, wọ́n sì ti kó ẹ̀rọ eré ìmárale sí nísàlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń sá fún ebi tẹ́lẹ̀, ọ̀rá ni wọ́n ń sá fún níbẹ̀ báyìí. Ilé ìwé náà ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀, yàrá kan ṣoṣo, àwọn tábìlì onígi, agogo irin lórí òpó. Ìyá àgbàlagbà kan, adúláwọ̀ ibẹ̀, Miss Earline, ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ó rí táì Bàbá, ó pè wọ́n ní Reverend. Bàbá ò sọ pé òun kọ́.

Ó gbé ẹ̀dà rẹ́jísítà àtijọ́ kan wá fún wa. Gbogbo orúkọ ló tò gẹẹrẹ, àmì wíwá wà níwájú wọn. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn orúkọ kan, tó bá dé ọjọ́ kan, àmì á dá, wọ́n á wá kọ "Mill". Mill, Mill, Mill, ojoojúmọ́, títí ọdún fi parí. Bàbá bi í pé kí ni Mill.

Miss Earline nawọ́ sí ilé iṣẹ́ òwú níta. Ó ní àwọn tó ti lọ sídìí ẹ̀rọ nìyẹn.

Bàbá fi ìka tọ ìlà kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n tún fi tọ òmíì. Wọ́n yọ awò wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún ìwé náà wò.

"Tíṣà yìí ò gé wọn," wọ́n ní. Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́, kì í sì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n wá bi Miss Earline bóyá èèyàn ẹ̀ wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní rárá, wọn ò gba dúdú nínú kíláàsì yẹn, inú church lórí òkè ni tiwọn, oṣù díẹ̀ péré lọ́dún, tí kò bá sí òwú láti já. Ṣùgbọ́n ìyá ìyá òun ló ń gbálẹ̀ níbí. Tí gbogbo èèyàn bá ti lọ, á ka ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù kó tó nù ún. Bó ṣe mọ ìwé nìyẹn. Hattie lorúkọ ẹ̀.

Bàbá gbé ẹ̀dà rẹ́jísítà náà. Wọ́n lọ jókòó sórí àga tíṣà. Wọ́n yọ bíró lápò, wọ́n ṣí i: tà. Wọ́n ní, "Àlàó, bá àwọn ọmọ yìí dáhùn."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn Mill. Clyde. Ollie. Wọ́n ń fi ohùn Ìkirè pe orúkọ òyìnbó, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń dáhùn: "Present, sà. Present, sà." Nígbà tá a fi máa pé mẹ́rin, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Yàrá náà tutù, ó sì dà bí ẹni pé tí n bá dáhùn tán, nǹkan kan á jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"Hattie," Bàbá ní. Kò sí nínú ìwé. Miss Earline dìde dúró, ó gbé àpò ẹ̀ mọ́ àyà. "Present," ó ní.

Bàbá wá gbé ojú kúrò nínú ìwé, wọ́n wò mí.

"Oyèlárán Káyọ̀dé."

Mi ò dáhùn.

Mo fẹ́ parọ́ fún yín pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ ogójì ọdún ló rọ́ wá sí ẹnu mi lẹ́ẹ̀kan náà, bí èrò ṣe ń rọ́ lẹ́nu géètì tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbà. Mo sì ń rò ó pé, bó ṣe máa rọrùn fún wọn tó nìyí? Kí n kàn ní present, kó tán? Mo bá yọ fóònù, mo ṣe bí ẹni pé supervisor ló ń wá mi. Ìpolówó pizza ni. Mo kà á dáadáa. Mo tún un kà.

Bàbá dúró. Ó pẹ́. Wọ́n wá dé bíró wọn, wọ́n dìde, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Miss Earline. A ti ń sún mọ́ Loganville nínú mọ́tò.

"Rẹ́jísítà kì í pa ara ẹ̀ dé," wọ́n ní.

Ọjọ́ kejì mo lọ tọrọ overtime, kí n máa wọlé láàárọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì. Supervisor la ẹnu, ó ń wò mí: ẹni tí orúnkún ń dùn ló ń tọrọ overtime! Aunty bẹ ìyá kan ní church kó máa wá jókòó ti Bàbá. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ kọ́. Mi ò fẹ́ wà níbẹ̀ láago mẹ́sàn-án ni.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ kejì, orí forklift ni mo wà nígbà tí Aunty pè mí. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá church ní Bàbá dìde fún bus, wọ́n ka àwọn ọmọ, wọ́n jókòó. Nígbà tó yá, wọ́n gbé tíì sílẹ̀, wọ́n ṣí bíró, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó rò pé wọ́n ń retí ẹnì kan, ló fi lọ wòta fún wọn. Kò rí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó padà wọlé, Bàbá ti lọ. Bíró wà lọ́wọ́ wọn, ìdérí wà nílẹ̀. Mo wa mọ́tò bí wèrè. Nígbà tí mo débẹ̀, Aunty ti pa ojú wọn dé. Mo ní, "Bàbá, mo ti dé." Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n á bá dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn tá a sin wọ́n tán, Aunty gbé nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ wé wá fún mi.

"Mo rò pé Bíbélì ni," Aunty ní. "Lọ́jọ́ tí à ń bọ̀ láti Ìkirè, báàgì wúwo jù. Daddy kó gbogbo dòdò Ìkirè tí wọ́n dì fún ẹ jáde, wọ́n ní èyí ò lè kúrò níbẹ̀."

"Dòdò mi?"

"Dòdò ẹ. Ṣí i."

Rẹ́jísítà ìwé mẹ́fà ni, tọdún yẹn. Mo ṣí i débi orúkọ mi. Ìlà pupa ṣì wà níbẹ̀, ó gún régé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìwé náà, Bàbá ti fi gọ́ọ̀mù lẹ bébà tuntun mọ́ ọn, wọ́n fi rúlà la àyè kéékèèké sí i, orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Gbogbo àárọ̀ tí mo wá sílé Aunty láàárín ọdún méjì ni wọ́n fi bíró búlúù sàmì sí. Ọjọ́ tí àìsàn ṣe mí, òdo pupa. Ọjọ́ tí traffic mú mi, tí mo dé ní mẹ́sàn-án kọjá, òdo pupa. Bàbá ò ṣojúsàájú.

Mo wá ṣí i padà síwájú, sí ọdún tó ti gbó yẹn. Lẹ́yìn ìlà pupa, gbogbo àyè tó yẹ kó ṣófo láti ọjọ́ tí bàbá mi ti mú mi lọ ni wọ́n ti kọ nǹkan sí. Yíǹkì náà tuntun, ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá ni. Mill. Mill. Mill. Títí ọdún fi parí.

Mo padà sí bébà ẹ̀yìn. Àyè ọjọ́ tá a lọ sí ilé ìwé yẹn ṣófo. Kò sí búlúù, kò sí pupa. Ọjọ́ kejì ẹ̀ náà ṣófo, àti gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e títí dé Tọ́sìdeè. Bàbá tí ò dúró de ọmọ ẹnikẹ́ni rí kọjá mẹ́sàn-án, wọn ò pa tèmi dé.

Mo gbé bíró. Mo gbé e sílẹ̀. Ọmọ ilé ìwé kọ́ ló ń sàmì sí rẹ́jísítà.

Mo lọ bá supervisor, mo ní orúnkún mi ti ń gbádùn, kó fún mi ní àyè díẹ̀. Kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣe GED wà lọ́dọ̀ wa níbí ní àárọ̀ Sátidé. Mo mú bíró méjì dání àti orí wíwú. Àwa bí ogún la jókòó, òbí àwọn kan nínú wọn lè jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Tíṣà wa, ọmọbìnrin kan, ò lè ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ó gbé ìwé kan, ó ní òun á pe orúkọ. Ó pe àkọ́kọ́, ó pe ìkejì. Ó ń la ẹnu láti pe ìkẹta ni mo gbọ́ ọ ní kedere, lóhùn Bàbá, lóhùn Ìkirè, bó ṣe wà lọ́jọ́ rúlà.

Oyèlárán Káyọ̀dé.

Mo dìde. Àga mi ṣubú lulẹ̀ gbàà.

"Present, sà!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà wo ìwé ẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Mi ò tíì pè yín, sir."

"Mo mọ̀," mo ní. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ pè mí."

Mo gbé àga mi dìde, mo jókòó. Aago ara ògiri lé ní mẹ́sàn-án díẹ̀. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ìdérí bíró tó padé: tà. Ó lè jẹ́ ti ẹni tó jókòó síbẹ̀. Mi ò wẹ̀yìn.